Kí Ọdẹ Tó Ṣí Géètì Olóko

Ní ìpínlẹ̀ South Dakota, ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó rí ìwé àṣẹ ọdẹ gbà. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó o. Yóò tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, yóò sanwó, ìwé yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìwé náà kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Òun ni ìjọba fi ń sọ pé ẹni yìí lè yìnbọn pa ẹran báyìí ní àsìkò báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ bá kọjá odò Missouri sí apá ìwọ̀-oòrùn, tó dé ibi tí pápá ti tẹ́ lọ salalu tí ojú kò tó òpin rẹ̀, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni yóò kọ́kọ́ pàdé, lẹ́yìn náà géètì tí wọ́n fi ṣéènì dè. Ìwé àṣẹ ìjọba kò ṣí géètì yẹn. Ẹni tó ni ilẹ̀ nìkan ló lè ṣí i, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì sí fún títà ní ọ́fíìsì kankan.

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń fi ọjọ́ gbogbo kọ́ bí ọta ìbọn ṣe ń lọ tààrà dé mítà 300, tí wọn kò fi wákàtí kan ronú ohun tí wọn yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà olóko. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọdẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Prairie dog ni ẹran tí wọ́n ń wá lọ. Ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ ni, inú ihò ló ń gbé, àwọ̀ ara rẹ̀ sì jọ ti koríko tó ti gbẹ. Èyí tó dàgbà tán kì í sábà wúwo ju kílógíráàmù kan ààbọ̀ lọ. Oríṣi 5 ni wọ́n. Èyí tí ṣóńṣó ìrù rẹ̀ dúdú ló tàn ká jù, láti gúúsù Kánádà títí wọ àríwá Mẹ́síkò. Wọn kì í dá gbé. Ihò wọn a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ tó lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún éékà, àwọn ará Amẹ́ríkà a sì máa pe irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ ní ìlú. Ní ẹnu ihò, wọ́n a kó erùpẹ̀ jọ yípo, wọ́n a fi imú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, kí àgbàrá má baà ṣàn wọlé. Lórí òkìtì yìí ni ọ̀kan máa ń nàró sí lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà. Bó bá rí àwòdì, ó ní bó ṣe ń ké. Bó bá rí ènìyàn, ó ní bó ṣe ń ké. Ọ̀mọ̀wé Con Slobodchikoff ti Northern Arizona University fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí igbe wọ̀nyí, ó sì rí i pé àwọ̀ ẹ̀wù tí ènìyàn wọ̀ pàápàá a máa yí igbe náà padà. Nígbà tí ewu bá kọjá, ọ̀kan á na ara rẹ̀ sókè, á ju orí sẹ́yìn, á ké. Èyí tó wà nítòsí á gbà á lẹ́nu rẹ̀, títí igbe yóò fi ràn káàkiri pápá.

Ó ti pẹ́ tí àjèjì ti ń lépa ẹran yìí. Ní September 1804, Meriwether Lewis àti William Clark, tí Ààrẹ Thomas Jefferson rán lọ wo ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, bá ìlú prairie dog kan pàdé níbi tó di Nebraska lónìí. Àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀ lé wọn pọn omi, wọ́n ń dà á sínú ihò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó rí ọ̀kan mú láàyè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Jefferson, ó sì dé Washington láàyè. Nígbà yẹn, kò sí wáyà, kò sí géètì lórí pápá. Ìgbà tí Joseph Glidden gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún rẹ̀ ní 1874 ni ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí tèmi àti tìrẹ. Màlúù gba ipò bison, ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, prairie dog sì di ọ̀tá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, C. Hart Merriam, onímọ̀ nípa ẹran tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, ṣírò pé prairie dog 256 ń jẹ koríko tó lè yó màlúù kan. Láyé ìgbà yẹn náà ni wọ́n kọ̀wé nípa ìlú prairie dog kan ní Texas tó gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 25,000, tí wọ́n fojú bu àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sí mílíọ̀nù 400. Ẹni tó bá gbé ìṣirò kìíní lé èkejì yóò mọ ìdí tí àyà àwọn olóko fi já. Wọ́n fi májèlé po ọkà, wọ́n ń bù ú sẹ́nu ihò lọ́dọọdún. Àrùn plague, tó ti ẹ̀bá òkun wọ Amẹ́ríkà ní San Francisco ní 1900, tún wá bá wọn nínú ihò lẹ́yìn náà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fò, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára ẹran, ló ń gbé e kiri. Bó bá wọ ìlú kan, ó lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó parí.

Àwọn onímọ̀ tó wá lẹ́yìn Merriam rí i pé ìṣirò rẹ̀ le jù. Koríko tí prairie dog ń gé mọ́lẹ̀ a máa rú ewé tuntun tó ní èròjà, bison àti màlúù a sì máa wá jẹ ẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ olóko létí lọ́dún tí òjò bá kọ̀. Nígbà yẹn, ewé koríko kọ̀ọ̀kan lówó lórí. Ẹṣin lè ti ẹsẹ̀ bọ ihò kó kán. Májèlé zinc phosphide tí wọ́n ń fi po ọkà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tí yóò máa bù ú sẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan náà yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àjèjì fi ń rò pé ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ti parí kí wọ́n tó kúrò nílé. Lójú tiwọn, olóko ń wá ẹni tí yóò bá òun dín ẹran wọ̀nyí kù, àwọn sì dé pẹ̀lú ìbọn àti ọta tí àwọn fi owó ara àwọn rà. Kí ló tún kù tí olóko yóò fi kọ̀? Olóko kọ̀, ó sì yà wọ́n lẹ́nu.

Olóko tó kọ̀ kò ṣàdédé kọ̀. Àwọn kan ti wá ṣáájú. Wọ́n bá géètì ní títì, wọ́n fi í sílẹ̀ gbayawu, màlúù sì ya wọ ilẹ̀ aládùúgbò, ó di pé kí olóko gun ẹṣin kiri fún odidi ọjọ́ kó tó kó wọn padà. Wọ́n wa ọkọ̀ wọ pápá lẹ́yìn òjò, táyà gbẹ́ ilẹ̀ di ojú ọ̀nà àgbàrá. Tàbí kó jẹ́ oṣù August, koríko ti gbẹ bí èkùrọ́, irin gbígbóná abẹ́ ọkọ̀ sì ràn mọ́ ọn. Wọ́n fi kòròfo ọta sílẹ̀ nínú koríko, èyí tí màlúù lè gbé mì pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹran tó ń yìnbọn sí, bẹ́ẹ̀ ọta .22-250 tó bá tàsé lè rìn jìnnà kọjá òkè kékeré tó wà níwájú, kó lọ bá ilé tàbí agbo ẹran. Ìwà ẹni mẹ́ta mẹ́rin tó ti lọ ló ti ti géètì pa mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí olóko kò sì tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Nínú òfin Amẹ́ríkà, ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ohun ìní onílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń mójú tó o fún gbogbo ará ìlú; ilẹ̀ tí ẹran náà dúró lé ni onílẹ̀ ní. Nítorí náà, àṣẹ méjì ni ọdẹ ń gbà: ọ̀kan lórí ẹran, ọ̀kan lórí ilẹ̀, èkíní kò sì lè rọ́pò èkejì. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe kọ èyí sílẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní Colorado, onílẹ̀ kò ní láti ri pátákó mọ́lẹ̀ tàbí kó fi ọgbà yí ilẹ̀ ká. Ọdẹ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ oní-nǹkan ni, kó sì wá onílẹ̀ lọ. Ní Wyoming àti South Dakota, ẹni tó bá ṣọdẹ lórí ilẹ̀ àdáni láìgba àyè ti rú òfin. Ní Montana, òpó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà olómi ọsàn tó ń tàn yòò ti tó ìkìlọ̀ fún àlejò pé kó má ṣe wọlé láìgbàṣẹ. North Dakota ló yàtọ̀: ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò bá fi ìkìlọ̀ sí, ọdẹ lè wọ̀ ọ́. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2021 jẹ́ kí onílẹ̀ lè fi ìkìlọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìri pátákó kankan mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kan wo òpó ọgbà nìkan lè ṣìnà.

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tó sún mọ́ pápá lè má jẹ́ ti onílẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó háyà ilẹ̀ náà fún màlúù rẹ̀. Látijọ́, ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní káúńtì ni ọdẹ ń ṣí wò. Lónìí, áàpù bíi onX, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Montana, ń fi orúkọ onílẹ̀ àti ààlà rẹ̀ hàn lójú fóònù. Ó wúlò, ó sì lè tanni. Ó lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ hàn níbi tí ẹbí kan ń gbé; ó lè má tíì mọ̀ pé wọ́n ti ta ilẹ̀. Ọ́fíìsì káúńtì ní àkọsílẹ̀ tó péye jù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì lè sọ fún ọdẹ ohun tí áàpù kò mọ̀: pé bàbá ti ń ṣàìsàn, pé ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń ṣe ìpinnu báyìí, pé kí àlejò má ṣe lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ kì í dé lọ́jọ́ tó fẹ́ yìnbọn. Ó ti lọ ṣáájú, nígbà tí kò sí ohun tó ń kán an lójú. Ó mọ̀ pé nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, màlúù ń bímọ, olóko kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú kan oorun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń fi irin gbígbóná sàmì sára àwọn ọmọ màlúù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gé koríko tí ẹran yóò jẹ lákòókò yìnyín. Yóò wá ọwọ́ tó dilẹ̀. Kò ní wọ aṣọ ọdẹ, kò ní gbé ìbọn dání, kò ní kó èrò rẹpẹtẹ sínú ọkọ̀. Yóò gbé ọkọ̀ rẹ̀ síbi tí kò ní dí tirakítọ̀ lọ́nà, yóò jẹ́ kí ajá ilé gbó tẹ́rùn, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹni tó bá yọjú má baà bá a ní ẹnu ọ̀nà gan-an.

Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò jọ sọ kì í gùn.

“Ẹ káàsán, mà. Láti Sioux Falls ni mo ti wá. Mo rí prairie dog lórí ilẹ̀ yín lápá ọ̀nà odò yẹn. Mo ní kí n wá béèrè bóyá ẹ lè gbà kí èmi àti ọmọ mi wá yìnbọn sí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù July.”

“Ẹ̀yin méjì péré?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí ẹnì kẹta bá fẹ́ bá wa wá, màá kọ́kọ́ pè yín.”

“Màlúù wà ní pápá yẹn títí di ìparí June.”

“Ẹ sọ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, a ó wá lọ́jọ́ náà. Níbo lẹ fẹ́ kí á páàkì sí?”

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ń fi ọdẹ hàn. Ẹni tó béèrè ibi tí yóò páàkì sí ti jẹ́ kí olóko mọ̀ pé òun kò wá fi ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni ṣe bó ṣe wù òun. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè pápá tí òun kò gbọ́dọ̀ wọ̀, apá ibi tí òun kò gbọ́dọ̀ kọjú ìbọn sí, àti bóyá olóko ń fẹ́ kí òun pè kí òun tó dé àti nígbà tí òun bá ń lọ. Yóò kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, yóò fi lé e lọ́wọ́. Bí olóko bá fẹ́ kọ ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i, ó dára fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀ṣọ́ ẹran ìgbẹ́ bá dá ọdẹ dúró, ìwé yẹn yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Lórí pápá, nǹkan kéékèèké ló ń fi hàn bóyá ọdẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bá a sọ. Géètì tó bá ní títì, yóò tì í padà kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá ní ṣíṣí, yóò fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ mu omi. Àwọn géètì mìíràn kò ní ìdè irin: wáyà àti igi ni wọ́n kàn fi ṣe é, òrùka wáyà kan ló sì ń gbá orí igi náà mọ́ òpó. Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè jà pẹ̀lú rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi bó. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kí ó ti ìdí igi sínú òrùka ìsàlẹ̀ ná, kó fi èjìká ti orí igi mọ́ òpó, kó tó fi òrùka òkè kọ́ ọ. Ọdẹ tó dẹ wáyà náà sílẹ̀ nítorí pé ó le jù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olóko. Nígbà tí ìbọn bá dákẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ṣa gbogbo kòròfo ọta, títí kan èyí tí òun kọ́ ló yin ín.

Àwọn olóko kan ń gba owó, pàápàá àwọn tí ilẹ̀ wọn wà nítòsí ìlú tí àlejò ń wọ̀ sí. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó a máa yí ọ̀rọ̀ padà lójú òfin. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ní òfin tó ń dáàbò bo onílẹ̀ tó jẹ́ kí ènìyàn wọlé ṣọdẹ lọ́fẹ̀ẹ́: bí àlejò bá já sí kòtò, kò rọrùn fún un láti pe onílẹ̀ lẹ́jọ́. Bí onílẹ̀ bá ti gbowó, ààbò yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, olóko tó ní kí ọdẹ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kò bú u. Ó ń ṣọ́ oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Ní Montana, ìjọba wá ọ̀nà mìíràn láti 1985: ètò Block Management ń fún onílẹ̀ tó bá fara mọ́ ọn lówó kí ọdẹ lè wọlé pẹ̀lú ìwé àyè. Ó ti ṣí ilẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ fún ọdẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọlé nípasẹ̀ ètò náà ṣì wà lórí ilẹ̀ olówó, kò sì yẹ kó gbàgbé.

Bí olóko bá tilẹ̀ sọ pé “ẹ pa gbogbo wọn,” àwọn nǹkan kan wà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti yọ̀ǹda. Òwìwí kan wà tó ń bí sínú ihò prairie dog tó ti ṣófo. Kò tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, a sì máa dúró lẹ́nu ihò lọ́sàn-án gangan. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ojú ń kán lè rò pé prairie dog ni. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò, tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1918, wà lórí rẹ̀, ìyọ̀ǹda olóko kò sì lè gba ẹni tó bá pa á. Prairie dog ti ìpínlẹ̀ Utah náà wà lábẹ́ òfin àwọn ẹran tó fẹ́ parẹ́ láti 1973. Ní Conata Basin ní South Dakota, wọn kì í yìnbọn sí prairie dog, nítorí ferret ẹlẹ́sẹ̀ dúdú, ọ̀kan nínú àwọn ẹran tó ṣọ̀wọ́n jù ní Amẹ́ríkà, ń gbé inú ihò wọn, ó sì ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ.

Ibi kan tún wà tí òfin ti dákẹ́. Ní South Dakota, wọn kì í yìnbọn sí prairie dog lórí ilẹ̀ ìjọba láti ọjọ́ 1 oṣù March títí di ọjọ́ 14 oṣù June, nítorí ìgbà náà ni abo ń lóyún tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ. Lórí ilẹ̀ àdáni, gbogbo ọdún ló ṣí sílẹ̀. Abo tó bá kú ní May lè fi ọmọ tí kò tíì jáde rí sílẹ̀ sínú ihò, kí ebi sì pa wọ́n kú níbẹ̀. Òfin kò sọ fún ọdẹ pé kó dúró. Ẹnu ọ̀nà olóko nìkan ni wọ́n ti lè fi ọ̀rọ̀ náà sí àárín. Ọdẹ tó bá sọ fún olóko pé òun yóò dúró di ìparí June kò pàdánù nǹkan kan tó tó nǹkan. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òjé inú ọta ṣe rí. Ọta tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ẹran a máa fi èérún òjé sínú òkú tí ọdẹ fi sílẹ̀ lórí pápá, idì àti àwòdì a sì wá jẹ ẹ́. Ọta bàbà kò ní òjé nínú. Ó yẹ kí olóko mọ èyí tí àlejò rẹ̀ ń lò, kí ó sì lè sọ èyí tí òun ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àrùn náà wà níbẹ̀. Ọdẹ kì í fi ọwọ́ lásán gbé òkú prairie dog, kì í sì í jẹ́ kí ajá rẹ̀ fi imú tọ́ ọ, nítorí plague. Kó má sì tilẹ̀ ronú láti mú ọmọ prairie dog láàyè lọ sílé fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó ẹran kéékèèké bí 800 láti orílẹ̀-èdè Gánà wọ Texas fún títà. Òkété wà lára wọn, irú èyí tí gbogbo ilé Yorùbá mọ̀. Wọ́n kó àwọn kan sí tòsí prairie dog tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn tó ń sin ẹran nínú ilé, àrùn mpox sì ràn láti ara ìkíní sí èkejì. Àwọn tó ra prairie dog wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ènìyàn 47 ni wọ́n kà mọ́ ọn ní ìpínlẹ̀ 6. Kò sẹ́ni tó kú. Olóko tó yọ̀ǹda kí wọ́n yìnbọn lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀ǹda kí wọ́n kó ẹran kúrò níbẹ̀ láàyè.

Ilẹ̀ náà pàápàá ní ìtàn tí ó ju orúkọ tó wà lójú áàpù lọ. Àdéhùn Fort Laramie ti 1868 fi gbogbo ìwọ̀-oòrùn South Dakota sílẹ̀ fún àwọn Lakota, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọba rí wúrà ní òkè Black Hills ní 1874, wọ́n sì gba òkè náà ní 1877. Ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú tó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Àwọn Lakota kọ̀ ọ́, wọ́n ní ilẹ̀ làwọn ń fẹ́. Ní Rosebud, Pine Ridge àti Cheyenne River, níbi tí àwọn Lakota ń gbé, òfin Dawes ti 1887 ti gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́: ti ẹ̀yà lápapọ̀, ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, ti àjèjì tó rà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan náà, pápá mẹ́ta lè ní olówó mẹ́ta. Lórí ilẹ̀ ẹ̀yà, ìjọba Lakota ló ń fúnni níwèé àṣẹ ọdẹ, ìwé ti ìpínlẹ̀ kò sì tó. Ọdẹ tó bá gba àyè lọ́wọ́ olóko kan kò tíì gba ti aládùúgbò rẹ̀.

Ẹjọ́ tí wọ́n ṣe ní Wyoming fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ààlà gbóná tó. Ìjọba fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ láti 1862, máìlì kan fún un, máìlì kan fún ìjọba, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé igun nìkan ni ilẹ̀ ìjọba kan ti ń kan òmíràn. Ní 2021, ọdẹ mẹ́rin láti Missouri fẹsẹ̀ kọjá níbi tí igun ilẹ̀ ìjọba méjì ti pàdé ní Elk Mountain, láìtẹ ilẹ̀ àdáni mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní March 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre. Ìdájọ́ náà dára fún ọdẹ tó fẹ́ dé ilẹ̀ gbogboògbò. Fún ẹni tó ń wá prairie dog, kò yí ohun kan padà: ibi tí ìlú wọn bá wà lórí ilẹ̀ olóko, ó ṣì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ pẹ̀lú a máa kan ilẹ̀kùn yìí. Ní September 1981, nítòsí Meeteetse ní Wyoming, ajá kan tó ń jẹ́ Shep, ajá John àti Lucille Hogg, gbé òkú ẹran kan wá sílé. Ferret ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ni, èyí tí àwọn onímọ̀ ti rò pé ó ti parẹ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù wà lórí ilẹ̀ àwọn olóko, lára wọn Pitchfork Ranch, ó sì di pé kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ gba àyè kí wọ́n tó lè fi tọ́ọ̀ṣì wá a lóru. Nígbà tó fi máa di 1987, wọ́n ti mú 18 tó kù, wọ́n ń mú wọn bímọ nínú ọgbà. Láti ara àwọn yẹn ni wọ́n ti ń dá wọn padà sórí pápá. Ní 2016, wọ́n tú ferret sílẹ̀ padà ní oko Pitchfork àti oko Lazy BV, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn olóko. Láti 2013, ètò kan ti wà tó fi ọkàn olóko balẹ̀ pé bó bá gbà kí ferret wọ ilẹ̀ òun, ìjọba kò ní tìtorí rẹ̀ dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ màlúù rẹ̀.

Nítorí náà, olóko tó sọ lọ́dún tó kọjá pé “ẹ máa bọ̀” lè sọ lọ́dún yìí pé òun ti fọwọ́ sí ìwé, ìbọn kò gbọ́dọ̀ dún mọ́ lápá ibẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ràn àtimáa wò wọ́n ni. Ọdẹ lè béèrè bóyá pápá mìíràn wà nínú oko náà. Bí kò bá sí, kó dúpẹ́, kó béèrè àlàáfíà ará ilé, kó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Àdéhùn a máa ní ọjọ́ ìparí. Oko a máa kọjá sọ́wọ́ ọmọ. Ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ̀, tó sì gbọ́ bí àlejò ṣe dá a lóhùn, lè jẹ́ òun ni yóò máa gbé fóònù nígbà tí ọdẹ náà bá tún pè.